Kùrukùru Alwyn Hibbs

Èmi kì í tètè gba nǹkan gbọ́. Ìyá mi máa ń sọ pé bí wọ́n bá pè mí wá wo òkú, màá kọ́kọ́ gbé ọwọ́ síwájú imú rẹ̀ wò bóyá ó ṣì ń mí. Àwọn kan ní àbùkù ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń sin oyin fún ogójì ọdún nínú igbó Tasmania, tí kò bá mọ̀ ọ́n fura, àpótí òfìfo ni yóò máa sìn.

Nítorí náà, nígbà tí àpótí oyin mi mẹ́rin pòórá ní ibì kan nínú igbó tí à ń pè ní Gap, nínú oṣù Kẹrin, mi ò sunkún, mi ò sì pariwo. Mo jókòó sí ìdí ọkọ̀ mi, mo ń wo koríko tó ti funfun níbi tí wọ́n wà láti ìgbà ooru, mo ń wo ipa táyà tí òjò ti fọ̀ dànù. Àpótí mẹ́rin yẹn kì í ṣe àpótí lásán. Ìran oyin tí ọkọ mi, Bram, fi ogún ọdún ṣà jọ ló wà nínú wọn, oyin oníwà tútù tí kì í ta ni láìnídìí, tí kì í sì í kú nígbà yìnyín. Bram ti kú láti ọdún méjì. Àwọn oyin yẹn ni mo ní tó kù lára rẹ̀. Agolo èéfín mi àti àpò nǹkan jíjó rẹ̀, tí mo fi sílẹ̀ nídìí wọn, náà ti bá wọn lọ.

Ta ló mọ ibi tí wọ́n wà? Olóyin kì í sọ ibi tó gbé àpótí rẹ̀ sí, bí ọdẹ kì í ti í sọ ibi tí ẹran ti ń mumi. Ní ìlú wa, Tarnbrook, ẹ̀yà èèyàn kan ṣoṣo ló tún ń pa irú àṣírí bẹ́ẹ̀ mọ́: àwọn onífọ́tò. Lọ́dọọdún, tí ìgbà ìwọ́wé bá dé, tí ewé igi fágọ̀sì orí òkè bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, wọ́n á ya wọ inú igbó ní ìdájí, wọ́n á máa dọdẹ kùrukùru àti oòrùn àárọ̀. Bi wọ́n léèrè pé níbo lo ti ya èyí, wọ́n á ní, "Lókè lọ́hùn-ún." Òkè wo ni kò sí lókè lọ́hùn-ún?

Olórí wọn ni Alwyn Hibbs. Ọgbọ̀n ọdún ni Alwyn fi wa bọ́ọ̀sì ọmọ iléèwé, kò sì sẹ́ni tó rí i rí àfi ẹ̀yìn orí rẹ̀. Ó fẹ̀yìn tì, ó ra kámẹ́rà, ó ya fọ́tò kan: igi ńláńlá tí ewédò bò, kùrukùru funfun láàárín wọn, ìtànṣán oòrùn ń gba inú rẹ̀ kọjá tààrà, bí ẹni fi okùn ta á. Ìlú gbé e kọ́ sínú gbọ̀ngàn. Láàárín ọdún méjì, mẹ́wàá mìíràn ti kún un lára ògiri, wọ́n sì ti fi ṣe kàlẹ́ńdà. Àwọn èèyàn ń ti Hobart wá wo igbó tí kùrukùru Alwyn wà. Ọkùnrin tí a kì í kí tẹ́lẹ̀, a wá ń fún un láyè kó kọ́kọ́ ra páì. Kò níyàwó, kò bímọ. Ilé kékeré kan ló ní, àti orúkọ rere yẹn, kò sì sí nǹkan tó fẹ́ràn tó o.

Èmi nìkan ni kùrukùru rẹ̀ kò wọ̀ lójú.

Ní Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo wà ní ìsọ̀ Nerida, mo ń mu tíì. Nerida ló ń ta páì ní ìlú wa, ó sì máa ń fi ìròyìn ṣe ènì. Kàlẹ́ńdà Alwyn wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀.

"Nerida, wo òwú aláǹtakùn inú fọ́tò yẹn," mo ní.

"Kí ló ṣe é?"

"Ó gbẹ."

"Ṣé o fẹ́ kí n lọ bomi rin ín ni?"

"Kùrukùru tó nípọn tó yẹn, òwú aláǹtakùn tó bá wà nínú rẹ̀ á kún fún omi, á máa dán bí ìlẹ̀kẹ̀. Èyí gbẹ táútáú. Nǹkan kan wà níbẹ̀ tí kò tọ́."

"Merle, ìwọ náà! Ẹ̀gàn ò ní kí oyin má dùn. Ọkùnrin ọlọ́kùnrin gbé orúkọ ìlú wa jáde, ìwọ ń yẹ aláǹtakùn wò."

"Aago márùn-ún ló máa ń jáde, pẹ̀lú báàgì dúdú tó ga tó ọmọ ọdún mẹ́wàá. Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Kámẹ́rà."

"Kámẹ́rà ni Garth, alága àwa olóyin, náà fi ń ya àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Inú àpò ṣòkòtò ló ń fi tiẹ̀ sí."

Nerida ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ tí ilẹ̀kùn fi ṣí, Alwyn fúnra rẹ̀ sì wọlé. Ó ga, ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, bí ẹni tó ṣì di ìdarí bọ́ọ̀sì mú. Ẹrẹ̀ igbó wà lára bàtà rẹ̀.

"Merle, mo gbọ́ pé oyin rẹ sọnù. Ó dùn mí gan-an."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Gbogbo ìlú."

"Èmi ò sọ fún gbogbo ìlú. Nerida nìkan ni mo sọ fún."

"Ohun tí mo ń wí náà nìyẹn."

"Ẹ má dárúkọ mi sí i o," ni Nerida wí. "Páì ni èmi ń tà."

Alwyn nawọ́ gba páì rẹ̀ níwájú mi, apá kóòtù rẹ̀ sì gba abẹ́ imú mi kọjá. Mo gbé ife tíì mi sílẹ̀. Òórùn èéfín ni mo gbọ́.

Kì í ṣe èéfín ààrò ilé o. Ẹni tí kì í sin oyin lè má mọ̀, ṣùgbọ́n kò sí olóyin tó ń ṣí àpótí láìkọ́kọ́ fẹ́ èéfín sí i kí ara oyin lè balẹ̀, olóyin kọ̀ọ̀kan ló sì ní ohun tó ń jó nínú agolo rẹ̀. Garth Pybus, ewé igi páìnì ló ń jó. Àwọn ará òdìkejì odò ń jó ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ, Ọlọ́run ló mọ ìdí. Ní ilé tiwa, àpò ìdọ̀họ ògbólógbòó la máa ń jó mọ́ èèpo igi, bí Bram ṣe kọ́ wa nìyẹn. Ẹ di ojú mi, màá mọ èéfín olúkúlùkù. Èéfín ilé mi ló wà lára kóòtù Alwyn Hibbs.

Yàtọ̀ sí èmi, èèyàn kan péré ló ṣì ń jó irú rẹ̀: àbúrò mi ọkùnrin, Lachie. Èmi àti Lachie kì í bára wa sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí a sin Bram, nígbà tó dúró létí sàárè, tó ní kí n ta àwọn oyin náà, pé apá mi ò lè ká wọn. Mi ò fẹ́ ro ti Lachie rárá. Ohun tí mo sọ fún ara mi ni pé ẹni tó gbé oyin mi ló gbé agolo mi, ẹni tó gbé agolo mi ni èéfín mi máa wà lára rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì parí.

Mo dúró kí Alwyn jáde, mo sì sọ ohun tí imú mi rí fún Nerida. Ìyẹn ni pé kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, gbogbo Tarnbrook ti gbọ́. Nígbà tí ọkùnrin náà tún wọ ìsọ̀ lọ́jọ́ Túsìdé, kò sẹ́ni tó fún un láyè mọ́; wọ́n ń wo bàtà rẹ̀ ṣáá. Mo wà níbẹ̀, mo rí i. Inú mi dùn, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́.

Garth pè mí lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ náà. "Mo ti pe ìpàdé sí ọ̀sán Sátidé ní gbọ̀ngàn. Ọlọ́pàá máa wá. Ṣé o rántí pé mo sọ fún ẹ pé mo rí iná ọkọ̀ kan láti òdìkejì odò, ní àárọ̀ Wẹ́sìdé tí oyin rẹ sọnù? Aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Ó ń ti Gap bọ̀, ẹrù wà lẹ́yìn rẹ̀."

"Alwyn ni."

"Merle, imú kì í ṣe ẹ̀rí."

"Màá wá ẹ̀rí."

Ní Tọ́sìdé, mo ti wà nínú ọkọ̀ mi lábẹ́ igi létí ọ̀nà ilé Alwyn kí aago márùn-ún tó lù. Ó jáde, ó ju báàgì dúdú sẹ́yìn ọkọ̀, ó gba ọ̀nà òkè. Mo tẹ̀ lé e láìtan iná. Kò lọ sí ọ̀nà Gap. Ó yà sí ọ̀tún, ó sì wa ọkọ̀ fún nǹkan bíi wákàtí kan, títí dé ibi tí mi ò tíì dé rí. Mo ní, àṣé ibí ló kó wọn pa mọ́ sí! Mo fi ọkọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn kọ́nà, mo fẹsẹ̀ rìn wọnú igbó.

Òtútù ń gé mi létí. Ìràwọ̀ hàn kedere láàárín ewé, kò sí kùrukùru níbì kankan àfi èyí tó ń ti ẹnu èmi fúnra mi jáde. Eṣúṣú ti mú mi lọ́rùn ẹsẹ̀, mi ò dúró já a. Nígbà tí ojú ọ̀run bẹ̀rẹ̀ sí í là, mo gbóòórùn rẹ̀: àpò ìdọ̀họ àti èèpo igi. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń sáré, àti èémí ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti ju eré sísá lọ.

Mo rọra ya ewé sọ́tọ̀ níwájú mi. Kámẹ́rà dúró lórí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó kọjú sí ibi tí oòrùn máa ti yọ. Alwyn Hibbs, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, ń sáré síhìn-ín sáré sọ́hùn-ún láàárín àwọn igi, agolo olóyin lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń tẹ ẹwìrì rẹ̀, fùù, fùù, bí ẹni tó ń lé adìẹ tí kò fẹ́ wọ ilé. Èéfín ń jókòó nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, búlúù díẹ̀ lábẹ́ òjìji, funfun níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá a. Ó gbé agolo sílẹ̀, ó sáré padà sídìí kámẹ́rà, ó di àyà mú, ó dúró.

Oòrùn yọ lórí òkè. Ó gba àárín igi wọlé, ó wọ inú èéfín yẹn, ìtànṣán sì tò lọ́kọ̀ọ̀kan láti orí ewé pupa dé orí ewédò. Mi ò ní purọ́, ó rẹwà dé ibi tí inú fi bí mi. Mo gbọ́ tí kámẹ́rà dún, ká, ká, ká.

"Alwyn Hibbs."

Ó ta gìrì, igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. "Merle! Ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

"Oyin mi dà?"

"Oyin wo?"

"Má bi mí ní oyin wo. Agolo ta nìyẹn?"

"Tèmi ni. Lachie àbúrò rẹ ló fún mi, ó ti tó ọdún méjì. Ó tún kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń dáná sí i, àpò ìdọ̀họ nísàlẹ̀, èèpo igi lókè. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ máa sin oyin."

"Ìwọ? Oyin?"

"Irọ́ ni mo pa fún un."

Mo gba agolo náà, mo yí ìdí rẹ̀ wò. Tèmi kọ́. Tèmi, Bram ti fi ìṣó kọ lẹ́tà orúkọ rẹ̀ sí i nídìí. Mo wo inú báàgì dúdú: kámẹ́rà méjì, bùláńkẹ́ẹ̀tì, àpò ìdọ̀họ tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, àti páì Nerida kan tó ti tutù. Gbogbo ohun tí mo kó jọ lọ́kàn láti Mọ́ńdè ń tú mọ́ mi lọ́wọ́, mi ò sì fẹ́ kó tú.

"Nítorí náà, gbogbo kùrukùru tó wà lára ògiri ìlú…"

"Kì í ṣe gbogbo rẹ̀!" Ohùn rẹ̀ ga. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí gbòǹgbò igi. "Ti àkọ́kọ́, òótọ́ ni. Mo kàn jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan ni, mo bá a níbẹ̀. Gbogbo ìlú wá ní, Alwyn, òmíràn ńkọ́? Àfi bí ẹni pé inú àpò mi ni mo ń tọ́jú kùrukùru sí. Ìgbà ìwọ́wé méjì ló wá gbẹ tẹ̀ léra. Mo jáde fún òwúrọ̀ mẹ́tàdínlógún, Merle, mo kà á. Kò wá. Àwọn tó fẹ́ tẹ kàlẹ́ńdà ń dúró."

"O ò lè sọ fún wọn pé kò wá?"

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi gbé àwọn ọmọ wọn lọ sí iléèwé tí mo tún gbé wọn padà, ẹnìkan ò sọ pé Alwyn, o ṣeun. Nítorí kùrukùru kan, wọ́n ń pè mí wá jẹun. Bó bá jẹ́ ìwọ, ṣé wàá sọ fún wọn?"

Mo bi í níbo ló wà ní Wẹ́sìdé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ní aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó mú kámẹ́rà, ó tẹ̀ ẹ́ padà sẹ́yìn, ó gbé e sí mi lójú. Nínú fọ́tò kìíní, igbó mọ́ kedere, kò sí nǹkan kan: aago mẹ́fà kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Nínú ìkejì, tí kámẹ́rà dá yà fúnra rẹ̀, ẹ̀yìn Alwyn rèé, agolo lọ́wọ́, èéfín ń jáde: aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Nínú ìkẹta, ìtànṣán ti tò, ó rẹwà: aago méje kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Déètì wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Igbó tí a dúró sí yìí kan náà ni, ó sì jìnnà sí Gap tó wákàtí kan.

"Kò ku nǹkan kan," mo ní. "Fi hàn wọ́n ní Sátidé, orúkọ rẹ á mọ́."

"Orúkọ wo?" Ó gba kámẹ́rà lọ́wọ́ mi. "Merle, mo bẹ̀ ẹ́. Má jẹ́ kí wọ́n rí i. Bí wọ́n bá ń pè mí lólè, wọ́n á wá ẹ̀rí, wọn ò ní rí i, ó máa tán nílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Bí wọ́n bá pè mí ní onírọ́, ẹ̀rí ti wà lára ògiri."

"Ó dára kí wọ́n máa pè ọ́ lólè?"

"Wọ́n ti ń pè mí bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ Túsìdé. Ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́, Merle?"

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń já eṣúṣú kúrò lẹ́sẹ̀. Ó mọ ẹni tó sọ ọ́, èmi náà sì mọ̀ pé ó mọ̀. Bí èèyàn gidi ni mí, níbẹ̀ ni mo ti yẹ kí n bẹ̀ ẹ́, kí n sì lọ sọ fún Nerida pé imú mi ṣì mí lọ́nà. Kàkà bẹ́ẹ̀, ìbínú ló bò mí.

"Gbọ́, bí o kò bá fi fọ́tò yẹn hàn ní Sátidé, èmi á dìde, màá ní èéfín mi wà lára kóòtù rẹ, màá sì jókòó. Mi ò ní sọ nǹkan mìíràn. Bí kì í bá ṣe ìwọ, mo fẹ́ kí gbogbo wọn mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ, ká lè mọ ẹni tó kù."

"Ta ló kù?"

"Ìyẹn ni mo fẹ́ mọ̀," mo ní, mo sì kúrò níwájú rẹ̀ kíákíá.

Ní Fúráìdé, mo wa ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà oko Lachie. Èéfín ń jáde lókè ilé rẹ̀. Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo jókòó, mo gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ó tó ìdajì wákàtí. Ajá rẹ̀ gbó lẹ́ẹ̀mejì, mo tan ọkọ̀, mo sì padà sílé.

Ọ̀sán Sátidé, gbọ̀ngàn kún. Tíì wà nínú ìkòkò ńlá, Nerida to páì sórí tábìlì, ọlọ́pàá kan tó ti ìlú ńlá wá jókòó pẹ̀lú ìwé rẹ̀, fọ́tò mọ́kànlá Alwyn sì yí wa ká lára ògiri, kùrukùru lọ́tùn-ún, kùrukùru lósì. Alwyn nìkan ló jókòó lórí ìlà ìjókòó tiẹ̀. Àga mẹ́ta ṣófo lápá ọ̀tún rẹ̀, mẹ́rin lápá òsì.

Garth kan tábìlì. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ mọ ohun tó gbé wa wá. A kì í jí oyin ara wa níbí. Ẹni tó bá mọ nǹkan kan, kó wí."

Ẹnìkan ní láti ẹ̀yìn, "Ẹ bi onífọ́tò." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Garth wò mí. Mo wo Alwyn, mo sì fi ọwọ́ kan àga iwájú mi bí ẹni tó fẹ́ dìde.

Alwyn ló kọ́kọ́ dìde.

"Èmi kọ́ ni mo gbé e," ó ní. "Lásìkò tí Garth rí ọkọ̀ yẹn, mo wà níbòmíràn. Ẹ̀rí rèé." Ó gbé kámẹ́rà lé Garth lọ́wọ́, ó fi ìka tọ́ka ibi tó máa tẹ̀ hàn án. Garth wò ó, ó tẹ̀ ẹ́, ó tún wò ó. Ó gbé e fún ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá gbé e fún Nerida. Bẹ́ẹ̀ ni kámẹ́rà kékeré yẹn ṣe ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ yí gbọ̀ngàn ká, Alwyn sì dúró láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin, ó di etí kóòtù rẹ̀ mú. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ti wo fọ́tò kékeré náà tán, á gbójú sókè, á wo ara ògiri.

"Èéfín oyin," ẹnìkan ní. Ẹlòmíràn bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì ràn.

"Kàlẹ́ńdà mi ńkọ́, Alwyn?" Nerida bi í. Òun kò rẹ́rìn-ín. "Oṣù wo lèéfín nínú rẹ̀?"

"Oṣù Karùn-ún, òótọ́ ni," Alwyn ní. "Èyí tó wà lókè ilẹ̀kùn yẹn, ti àkọ́kọ́. Òótọ́ nìyẹn, mo búra."

"O búra," ni Garth wí, ó sì mi orí. Kò sí ìkà nínú ohùn rẹ̀, ìyẹn ló burú jù. Alwyn rọra jókòó.

Ọlọ́pàá kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. "Ó dáa, a ti yọ ẹni yìí kúrò. Ta ló wá wa ọkọ̀ yẹn?"

"Èmi ni."

Lachie ló dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. Mi ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ó ti darúgbó sí i láàárín ọdún méjì.

"Igi ńlá kan ti kú lórí àwọn àpótí yẹn, ó ti fẹ́ wó lé wọn. Mo rí i ní Túsìdé nígbà tí mò ń kọjá. Mo mọ̀ pé Merle ò lè dá mẹ́rin gbé, ìdí nìyẹn tí mo fi lọ kó wọn láàárọ̀ kí oyin tó jí. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n wà. Ara wọn le."

"Ọjọ́ mẹ́wàá rèé!" Garth pariwo. "Kí ló dé tí o ò sọ fún un?"

"A kì í bára wa sọ̀rọ̀." Ó ń yí fìlà náà po. "Ibi tí Bram máa ń kó wọn sí nígbà òtútù ni mo kó wọn sí, lẹ́yìn ilé mi. Mo rò pé ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wá wò. Mo gbé omi tíì kaná ní Wẹ́sìdé yẹn. Mo gbé e kaná ní Tọ́sìdé náà. Lánàá, mo rí ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo gbé ife méjì jáde. Ó padà."

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Nerida ní, "Merle, o bi gbogbo ìlú léèrè, o ò bi àbúrò rẹ?"

"Mi ò bi í," mo ní. Wọ́n rò pé ìgbéraga ni. Mo jẹ́ kí wọ́n máa rò ó bẹ́ẹ̀.

Ìpàdé tú. Àwọn èèyàn jẹ páì, wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa èéfín, wọ́n ń ṣe bí Alwyn ṣe ń sáré káàkiri inú igbó, ẹ̀rín wọn kò sì ní ìkórìíra nínú. Lachie ń dúró dè mí níta. Alwyn ti gbé àga lọ sídìí ògiri, ó ń tú àwọn fọ́tò rẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo lọ di àga náà mú fún un, torí ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì.

"Jọ̀ọ́ má bínú, Alwyn."

Ó gbé fọ́tò kan sọ̀ kalẹ̀ fún mi, mo gbà á. Ó wúwo ju bí mo ṣe rò lọ.

"Nígbà tí mo dárúkọ Lachie nínú igbó," ó ní, "ojú rẹ yí padà. Ọjọ́ wo lo kọ́kọ́ rò ó pé òun ni?"

Mo lè purọ́ fún un. Òun ni ẹni tí ó kẹ́yìn ní gbogbo Tarnbrook tó lè bá mi wí nítorí irọ́.

"Ọjọ́ kìíní," mo ní. "Òun ni mo kọ́kọ́ rò. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ ibẹ̀."

"Kí ló wá dé tó fi jẹ́ èmi?"

"Mo bẹ̀rù pé bí mo bá bi í, á ní òun ni, pé òun ti tà wọ́n. Lachie nìkan ni mo ní tó kù." Mo gbójú sókè wò ó. "Bó bá jẹ́ ìwọ ni, mi ò ní pàdánù nǹkan kan."

Alwyn tẹ orí ba lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tí wọ́n sọ iye tí aago lù fún. Ó nawọ́ mú fọ́tò tó kàn, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, mo di àga mú fún un títí ògiri fi ṣófo.